Ilé Tí Kò Ní Ọ̀bẹ

Ọdún kan àti oṣù méje ni ọ̀bẹ gidi ti kúrò nílé Talatu ní Òkèlele. Ẹyọ kan tó kù níbẹ̀ ni ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń pa bọ́tà sára búrẹ́dì, tí kò lè gé nǹkan kan tó le ju búrẹ́dì náà lọ. Òun ni Raudah, ọmọ Talatu, fi ń gé àlùbọ́sà. Òun ló fi ń ya ẹja. Bí ẹran bá wọlé, á dì í mú lọ́wọ́ kan, á máa fi ọ̀bẹ yìí fà á síwá sẹ́yìn títí á fi já. Iṣu ló wá burú jù. Èèpo iṣu kì í ṣí fún un, á kàn máa ha ni, á sì máa bá ẹran iṣu lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Raudah, ó wà ní SS2. Òun ló ń dáná nílé, nítorí pé ìyá rẹ̀ kì í tètè dé. Tíṣà ni Talatu, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Oyi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni á ti jáde lọ wọ bọ́ọ̀sì, ìrun Àlàásárì á sì ti kọjá kó tó padà. Bó bá dé, á jókòó sórí àga tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, kò ní bọ́ hìjáábù, kò ní bọ́ bàtà, á kàn máa wo ògiri. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Raudah ti mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣeé bá a sọ lásìkò náà.

Ẹnì kẹta wọn nínú ilé ni Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ọkọ Talatu. Ọkọ náà, Sulaiman, ti kú láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, òun nìkan sì ni ọmọ tí Ìyá Àgbà bí tó yè. Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, àwọn ẹbí sọ fún Talatu pé bó bá fẹ́ máa lọ, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí Ìyá Àgbà máa wà. Talatu dúró.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni iyè Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé pé òun ti kírun. Ó lè kí ìrun Àìlà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í retí Sulaiman láti iléèwé. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, á dìde, á ní ebi á ti máa pa ọmọ òun, á sì kọrí sí ilé ìdáná. Iṣu ló tà ní ọjà Ìpáta fún bí ogójì ọdún, iṣu náà ló sì máa ń fẹ́ sè fún ọmọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí, Talatu bá a lórí ìdúró nílé ìdáná, ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò síṣu níwájú rẹ̀.

"Ẹ mú un wá, Màámi," ni Talatu wí, ó sì na ọwọ́ sí i.

Ìyá Àgbà wo ojú rẹ̀, kò dá a mọ̀. "Olè!" ló figbe ta. "Wọ́n fẹ́ gba ọ̀bẹ ọjà mi!" Ó fa ọ̀bẹ náà sẹ́yìn, ojú ọ̀bẹ sì gba àtẹ́lẹwọ́ Talatu kọjá. Abẹ́rẹ́ méje ni wọ́n fi rán an. Láti ọjọ́ náà, ìka ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún Talatu àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ká mọ́. Ìka mẹ́ta ló fi ń di ṣọ́ọ̀kì mú níwájú pátákó.

Nígbà tó ti ilé ìwòsàn dé, ó kó gbogbo ọ̀bẹ ilé sínú ọ̀rá, ó kó wọn lọ fún Ìyá Ìdòwú, aránṣọ kan, ará Ọ̀mù-Àrán, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ìyá Ìdòwú yìí ló ń bá wọn mójú tó Ìyá Àgbà láàárọ̀ títí Raudah á fi ti iléèwé dé.

"Ẹ máa lò wọ́n," ni Talatu sọ fún un. "Mi ò fẹ́ rí wọn mọ́."

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹwàá, Raudah kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ jókòó tó bó ṣe máa ń jókòó, ó gbé omi fún un, ó kúnlẹ̀.

"Ùmmí, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni, fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni, mà."

Talatu pa ojú dé. "Raudah, ó rẹ̀ mí."

"Mo mọ̀, mà. Ó rẹ èmi náà."

Ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Talatu la ojú. Raudah sáré na ọwọ́ síwájú kí ìyá rẹ̀ má bàa pè é ní aláfojúdi. Ìléròrò ti so lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀, ọ̀kan ti bẹ́, awọ rẹ̀ sì ti ṣí.

"Ẹ wo ọwọ́ mi. Wákàtí kan gbáko ni mo lò lórí iṣu kan lánàá. Ìdajì ẹ̀ ló bá èèpo lọ."

"Máa sè é tèèpotèèpo."

"A ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mà. Ìyá Àgbà ò jẹ ẹ́. Wọ́n ní ṣé ewúrẹ́ ni àwọn ni."

Lọ́jọ́ mìíràn Talatu ìbá rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ìrẹsì wà."

"Ìrẹsì lójoojúmọ́, Ùmmí?"

 Talatu gbé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sókè, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí orúnkún. Àpá náà gùn láti ìdí àtàǹpàkò dé abẹ́ ìka ọmọńdinrín, ó ń dán. Ó ní kí òun ká ọwọ́ náà. Ìka mẹ́ta ká, méjì nà gbọnrangandan.

"Mo ti wo tìẹ," ló wí jẹ́ẹ́. "Ìwọ náà wo tèmi."

Raudah wò ó. Ó dìde, ó lọ fọ abọ́.

Ohun tí Talatu kò mọ̀ ni pé, láti ìgbà ààwẹ̀, Raudah ti dá ọgbọ́n kan. Lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà bá sun oorun ọ̀sán, Raudah á gbé iṣu sábẹ́ hìjáábù, á sì yà sẹ́yìnkùlé Ìyá Ìdòwú. Ibẹ̀ ló ti ń fi ọ̀bẹ ilé wọn bẹ iṣu. Kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà kò bá sùn, ọ̀bẹ bọ́tà náà ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ìyá Ìdòwú bi í léèrè bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀.

"Wọn ò bi mí, mà," ni Raudah dáhùn.

Ìyá Ìdòwú pòṣé, ó na ọ̀bẹ sí i. Òun náà rí ohun tí ojú ọmọ náà ń rí.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ìyá Àgbà jẹun ọ̀sán, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó sì ń hanrun. Raudah gbé iṣu, ó yọ́ jáde. Ó ku díẹ̀ kó bẹ ẹ́ tán nígbà tí nǹkan kan sọ fún un pé kó padà. Nígbà tó dé, ẹní wà nílẹ̀, bàtà sílípáàsì ẹsẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Àgbà kò sí níbẹ̀.

Raudah wo ilé ìwẹ̀. Ó wo ẹ̀yìnkùlé. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé arúgbó kò lè wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó sáré sọdá sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìdòwú. Oníbàárà kan dúró níbẹ̀ tó ń wọ aṣọ tí wọn ò tíì rán tán wò, abẹ́rẹ́ kún ara aṣọ náà, Ìyá Ìdòwú sì kọ ẹ̀yìn sí ojú ọ̀nà. Ó fi oníbàárà náà sílẹ̀ lórí ìdúró, ó mú fóònù, ó pe Talatu, ó sì gbé e fún Raudah.

"Ùmmí, Ìyá Àgbà ò sí nílé."

Inú bọ́ọ̀sì ni Talatu wà. Kò pariwo, kò sì béèrè ohunkóhun. "Mo ti ń sún mọ́lé," ló wí, ó sì gé e.

Ìyá Ìdòwú gba ọ̀nà Gàm̀bàrí lọ. Raudah dúró lórí ọ̀nà, ó ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá. Onímáruwá kan ló dá a lóhùn pé òun rí ìyá àgbàlagbà kan tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó dojú kọ Ìpáta. "Ó ń kí gbogbo èèyàn lójú ọ̀nà," ni onímáruwá náà wí. "Mo rò pé ibi iṣẹ́ ló ń lọ."

Raudah sáré. Ẹnu ọ̀nà ọjà ló ti pàdé ìyá rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó máa ń já a síbẹ̀, báàgì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ léjìká. Wọ́n wo ara wọn.  Wọ́n wọlé, wọ́n ń yà fún àwọn tó ń ti bárò, wọ́n ń gba àárín ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ń já iṣu nínú wọn kọjá, Raudah ń wo ọ̀tún, Talatu ń wo òsì. Talatu ló kọ́kọ́ rí i. Ó di Raudah lápá mú.

Ìyá Àgbà jókòó sórí agbọ̀n tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, láàárín àwọn oníṣu. Òkìtì iṣu wà níwájú rẹ̀. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀bẹ gígùn tí ojú rẹ̀ ń kọ mànà.

Talatu kò lè rìn mọ́. 

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò pariwo, kò sì jà. Ó ń ha yẹ̀pẹ̀ kúrò lára iṣu. Ó mú ọ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ọ̀bẹ sì ń lọ lára rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, irun iṣu ń já bọ́ sílẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ kò kúrò níbi tó yẹ kó wà. Bó ṣe parí ọ̀kan, ó gbé e sápá ọ̀tún, ó sì mú òmíràn.

Obìnrin oníṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lami, rí bí wọ́n ṣe ń wò. Òun náà kì í ṣe ọmọdé.

"Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n?" ló bi Talatu. "Ẹ má bínú. Mo dá wọn mọ̀. Ibi tí wọ́n jókòó sí yẹn ni wọ́n ń jókòó sí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà yìí. Wọ́n dé, wọ́n ní kí n gbé ọ̀bẹ àwọn fún àwọn. Mo gbé e fún wọn."

"Ẹ gbé e fún wọn," ni Talatu wí, bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa.

"Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dì í mú, Àlájà. Ó ti ṣe díẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀bẹ náà ò tíì kan èékánná wọn pàápàá."

Ìyá Àgbà gbójú sókè. "Ìyàwó," ló wí fún Talatu, "o ti pẹ́ jù. Wá kó àwọn tó ti mọ́ yìí kúrò níwájú mi."

Ó ti pẹ́ tó ti pe Talatu ní ìyàwó gbẹ̀yìn. Talatu sọ báàgì kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ tí kò ká gba iṣu lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó rẹ Ìyá Àgbà, ó fi ọ̀bẹ náà lélẹ̀, ó kọ èèkù rẹ̀ sí Lami, ó nu ọwọ́ sára ìró.

"Ṣé Sulaiman ti jẹun?"

"Wọ́n ti jẹun, Màámi," ni Talatu wí. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Nínú máruwá tó gbé wọn padà, Ìyá Àgbà wà láàárín, ó ti ń tòògbé. Talatu kò wo Raudah.

"Níbo lo wà?"

Raudah lè parọ́. Ó ti ronú kan irọ́ náà láti ẹnu ọ̀nà ọjà. "Mo wà lẹ́yìnkùlé Ìyá Ìdòwú, mà. Mo lọ bẹ iṣu."

"Kí lo fi ń bẹ ẹ́?"

"Ọ̀bẹ wa, mà. Èyí tí ẹ kó fún wọn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ààwẹ̀."

Raudah ń retí kí ó bú òun, kí ó tilẹ̀ gbá òun létí. Talatu kàn fi orí ti irin máruwá, ó ń wo ọ̀nà. Kò sí agbára láti bú ènìyàn lára rẹ̀. Èyí dun Raudah ju ìgbátí lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, láìjẹ́ kó ní ohùn.

Nígbà tí wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, tí wọ́n ti fi òróró pa ibi tó bó, tí ó sì ti sùn, Talatu padà sórí àga rẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Raudah jókòó sílẹ̀ nítòsí rẹ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀.

"Ùmmí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ bá ní rárá, mi ò ní í sọ ọ́ mọ́."

"Sọ ọ́."

"Mi ò sọ pé ọ̀bẹ ò léwu. Mo ń rí ọwọ́ yín lójoojúmọ́. Èmi ni mo ń bá yín de ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, èmi ni mo ń bá yín de bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n ẹ kó ọ̀bẹ kúrò nílé kí Ìyá Àgbà má baà fara pa, torí ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń kúrò nílé. Bí mo bá ní ọ̀bẹ níbí, mi ò ní í fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n á wà lójú mi. Dúrọ́ọ̀ kan wà nílé ìdáná tó ní ibi tí wọ́n ń fi àgádágodo sí. Bí mo bá ti lò ó tán, màá fọ̀ ọ́, màá tì í mọ́bẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́rùn mi. Bí mo bá lọ síléèwé, á tẹ̀ lé mi lọ."

"Lọ́jọ́ tí o bá gbàgbé ńkọ́?"

 Raudah fẹ́ sọ pé òun kò ní í gbàgbé, ó sì rí i pé ìyá òun kò ní í gbà á gbọ́. "Mo lè gbàgbé," ló wí. "Ènìyàn ni mí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ máa bi mí lójoojúmọ́ bí ẹ bá ti wọlé."

 Ohùn Talatu lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Raudah fi ní láti sún mọ́ ọn.

"Ṣé o mọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù? Kì í ṣe ọ̀bẹ. Bí Ìyá bá tún ṣe mí léṣe, mi ò mọ̀ bóyá màá lè dúró tì wọ́n. Mo ti wo inú ara mi, mi ò rí i níbẹ̀. Wọn ò sì lẹ́lòmíì." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo ń ṣe é kí ọjọ́ yẹn má wáyé ni."

 Raudah kò tíì gbọ́ kí ìyá rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé orí lé orúnkún rẹ̀. Talatu sì fi ọwọ́ náà lé e lórí, wọ́n wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gàríbì.

Talatu kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Alámìísì, ìrẹsì ni wọ́n jẹ. Ní Jímọ̀, ìrẹsì náà ni. Láàárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú Ìyá Àgbà lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìdòwú, Talatu wọ hìjáábù.

"Dìde, ká lọ."

"Níbo, mà?"

"Ọ̀bẹ tó gé mi lọ́wọ́, mi ò lè jẹ oúnjẹ tó bá gé. Bó bá máa wọlé, tuntun ni á jẹ́."

Wọ́n lọ síbi tí àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń ta ọkọ́ àti àdá nítòsí ọjà. Talatu dúró lẹ́yìn, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà bí ẹni tí òtútù mú. Raudah ló yẹ wọ́n wò, ó ń mú ọ̀kan, ó ń dá a padà, títí ó fi rí èyí tó wọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò gùn, kò sì wúwo. Ó gbé e han ìyá rẹ̀. Talatu kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ bá wa gé ṣónṣó ẹ̀ kúrò," ló sọ fún alágbẹ̀dẹ.

Alágbẹ̀dẹ náà wò ó. "Àlájà, ẹ̀ẹ́ ba ọ̀bẹ jẹ́."

"Ẹ bá mi bà á jẹ́."

Ọkùnrin náà mi orí, ó gé orí ọ̀bẹ náà, ó sì fi ayùn pẹlẹbẹ ha á títí orí rẹ̀ fi rí róbótó. Ojú rẹ̀ ṣì mú. Ó fi ìwé ìròyìn dì í. Raudah gbé e sílé, ó gbé e bí ẹyin.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Raudah gbé àga kékeré méjì sílé ìdáná. Ó fi Ìyá Àgbà jókòó sórí ọ̀kan, ó gbé iṣu fún un àti ṣíbí kan, ó ní kí ó bá òun ha yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀. Talatu dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di àtẹ́rígbà mú. Ìyá Àgbà wo ṣíbí náà, ó wo Raudah.

"Ta ló ń fi ṣíbí ha iṣu?"

"Ohun tó wà nìyẹn, mà. Ẹ bá mi fi ṣe é."

Ìyá Àgbà ráhùn, ó ń ha á. Raudah jókòó kọjú sí i, ó ń bẹ èyí tó ti ha tán, èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ ń já bọ́ sínú abọ́. Nígbà tó ṣe tán, ó fọ ọ̀bẹ, ó nù ún, ó tì í mọ́ dúrọ́ọ̀, ó fa kọ́kọ́rọ́ jáde lábẹ́ hìjáábù kí ìyá rẹ̀ rí i.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ń lọ báyẹn. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà ju ṣíbí náà mọ́ ògiri, ó ní wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín. Lọ́jọ́ mìíràn, kò mọ ẹnì kankan. Talatu náà ṣì ń ta jí lóru, á lọ fọwọ́ fa àgádágodo náà wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó lè padà dùbúlẹ̀. Ẹ̀rù náà kò kúrò lára rẹ̀, Raudah kò sì retí pé kó kúrò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan lẹ́yìn náà, Talatu ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá oúnjẹ nílẹ̀, ó ṣì gbóná. Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ dà?" Raudah fi hàn án. Ó bọ́ bàtà. Ó bọ́ hìjáábù, ó fi kọ́ ìṣó. Ó jẹ iṣu náà tán, ó ní kí Raudah bu díẹ̀ sí i. Nígbà tí Raudah fi máa bu ìyẹn dé, oorun ti gbé e lọ lórí ìjókòó. Raudah gbé àwo sílẹ̀, ó bò ó, ó sì lọ jókòó ti Ìyá Àgbà lórí ẹní.